Ta Ni Yóò Bá Ọ̀gá Sọ Ẹrù Rẹ̀ Kalẹ̀?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bi mí bóyá iṣẹ́ wẹ́fíà dára, ẹ fara balẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín, mi ò sì ní dẹ́rù bà yín. Bí iná bá jó agbo ilé kan ní Ìbàdàn àtijọ́, bí àgbàrá bá gbé ìsọ̀ àwọn èèyàn lọ, bí ọkọ̀ bá gbókìtì pẹ̀lú àwọn èrò tó jẹ́ ará àdúgbò kan náà, àwa ni wọ́n ń rán lọ. A kì í ṣe panápaná, a kì í ṣe dókítà. Ìgbà tí àwọn yẹn bá ti lọ tán ni tiwa máa ń bẹ̀rẹ̀. A máa ń wà pẹ̀lú àwọn tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí lónìí, lọ́la àti lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, títí wọ́n á fi tún lè dá iná oúnjẹ.

Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ náà kò gùn. Bàbá mi, tó jẹ́ olùkọ́ nílé ìwé àwọn Onítẹ̀bọmi, tó sì kọ́lé sí Òkè Bọ́lá, ló gbọ́ pé ìjọba ń gba èèyàn. Mo kọ̀wé, wọ́n pè mí, mo bẹ̀rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 nìyẹn. Ní ti owó oṣù, ó tó mi ra ìpara, ó sì tó mi fi dá ìyá mi lọ́lá lọ́jọ́ ọdún. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọ́fíìsì wa wà ní ẹsẹ̀ òkè Màpó, yàrá mẹ́ta péré, pẹ̀lú àgbàlá kan lẹ́yìn níbi tí igi máńgòrò ńlá kan wà. Tí o bá dúró lábẹ́ igi náà, wàá rí àwọn òrùlé páànù tó ti dípẹtà, wọ́n tò lọ rẹrẹẹrẹ títí dé Bẹẹrẹ. Àwa mẹ́fà la wà níbẹ̀. Méjì nínú wa lẹ máa nílò láti mọ̀ yàtọ̀ sí èmi. Àkọ́kọ́ ni ọ̀gá wa, Alàgbà Oyèníyì. Èkejì ni Ràímì, ọmọ bíbí Ọjà'ba, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

Ọ̀gá ga, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Alàgbà nínú ìjọ Aládùúrà ni. Láti Mọ́ńdè títí dé Sátidé, bàtà rẹ̀ a máa dán bíi dígí. Tó bá di Sọ́ńdè, a fẹsẹ̀ lásán rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nínú aṣọ funfun. Ràímì máa ń sọ pé ẹsẹ̀ ọ̀gá nìkan ló ń gba ìsinmi lọ́sẹ̀, pé ọ̀gá fúnra rẹ̀ kì í sinmi. Kò tíì sọ ọ́ lójú ọ̀gá rí, ó mọ̀wọ̀n ara rẹ̀.

Ilé àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mú mi lọ jẹ́ agbo ilé kan nítòsí Òjé tí iná ti jó òfì àti òwú àwọn ahunṣọ. Ìyá àgbà kan jókòó sórí odó tó dojú dé, kò sunkún, kò sọ̀rọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, Ọlọ́run á dí i. Mo mọ bó ṣe ń ṣe yín." Ọ̀gá fọwọ́ kàn mí léjìká, ó mú mi jáde.

Ó ní, "Ta ló sọ fún ọ pé o mọ̀ ọ́n? Ṣé ilé baba tìrẹ náà ti jó rí ni?"

Mo ní, "Rárá, sà."

"Ó dáa. Fi ẹnu rẹ sílé lọ́sẹ̀ yìí. Etí rẹ nìkan ni kó o máa gbé wá síbi iṣẹ́."

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mi ò sọ̀rọ̀ nílé onílé. Ẹ̀gàn ni mo kà á sí nígbà yẹn, mo sì sunkún nílé. Ọ̀gá le! Ẹ ò gbọdọ̀ jókòó kí onílé tó ní kí ẹ jókòó. Ẹ ò gbọdọ̀ yọ bírò lójú ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, torí pé ìwé ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò máa bá sọ̀rọ̀, kò ní bá èèyàn sọ̀rọ̀ mọ́. Orí la fi ń kó orúkọ àti ọ̀rọ̀, tí a bá dé abẹ́ ọ̀ọ̀dẹ̀ kan lójú ọ̀nà la tó máa ń kọ wọ́n sílẹ̀. Ọjọ́ kan tí mo ṣi orúkọ ọmọ méjì kọ, tí mo fi èyí tó kú sípò èyí tó yè, ọ̀gá dá mi padà lọ sílé náà lójú ọ̀sán gangan kí n lọ bẹ ìyá wọn. Mo bẹ̀ ẹ́. Láti ọjọ́ náà, orúkọ kò tún jábọ́ lórí mi mọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí n lè pẹ́ nínú iṣẹ́ náà ni ohun tí a ń ṣe lábẹ́ máńgòrò. Ẹ̀yin náà mọ alágbàárù l'Ọ́jà'ba. Bó ti wù kó lágbára tó, tó bá ru àpò ẹ̀wà dé ibi tó ń lọ, yóò dúró, yóò ké pé, "Ẹ bá mi sọ̀ ọ́ o!" Kò lè dá a sọ̀. Ọ̀gá ní bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa. Òfin rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá ti ibi tó burú bọ̀ kò gbọdọ̀ gba ilé lọ tààrà. Ó gbọdọ̀ kọ́kọ́ yà sábẹ́ máńgòrò kí ẹnì kan bá a sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Tó o bá gbé e wọlé, ọkọ rẹ àti ọmọ rẹ ló máa bá ọ rù ú, wọn ò sì ní mọ ohun tó wà nínú rẹ̀."

Bí a ṣe ń ṣe é rèé. Ẹni méjì á jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, wọ́n á kọjú síbì kan náà, kì í ṣe síra wọn, kí ojú má bàa ti ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan á béèrè pé, "Kí lo rí?" Èkejì á máa sọ. Tó bá dákẹ́, tó pẹ́ díẹ̀, olùgbọ́ á ní, "Kí ló kù?" Ìyẹn nìkan ló gbọdọ̀ sọ. Títí dìgbà tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Ó tán," olùgbọ́ kò gbọdọ̀ sọ pé pẹ̀lẹ́.

Kí Yorùbá má sọ pé pẹ̀lẹ́! Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò. Èèyàn kọsẹ̀ lójú títì, o ti sọ ọ́ kó o tó mọ̀. Nígbà tí Ràímì ń kọ́ ọ, fìlà ara rẹ̀ ló máa ń kì bọ ẹnu. Mo bi ọ̀gá pé kí ló burú nínú pẹ̀lẹ́. Ó ní, "Tó o bá ti ní pẹ̀lẹ́, dandan ni kó ní a dúpẹ́. Tó bá sì ti ní a dúpẹ́, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ẹrù ṣì wà lórí rẹ̀." Mo ti ronú sí ọ̀rọ̀ yìí láti ọjọ́ náà, mi ò tíì rí ibi tó ti ṣìnà.

Lọ́jọ́ kan, Ràímì ti Mọ́lété bọ̀, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù kan ti já bíréèkì. Ó dé, ó ń ṣẹ̀fẹ̀, ó ní ebi ń pa òun, ó ní òun fẹ́ sùn. Mo fà á jókòó. Mo ní, "Kí lo rí?" Ó ní òun ò rí nǹkan kan, bàtà ni òun rí. Mo ní, "Kí ló kù?" Ó ní bàtà sílípáàsì obìnrin, ẹsẹ̀ kan. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo bi í kó tó kan ẹni tó ni bàtà. Ràímì sunkún débi pé àwọn ẹyẹ orí igi ń fò lọ. Nígbà tó ní ó tán, mo ní pẹ̀lẹ́, ó nu ojú, ó ní, "Morẹ́nikẹ́, o ò gbọdọ̀ sọ fún ìyàwó mi o. Ó rò pé akin ni mí." Lọ́jọ́ kejì, ó ra mọ́sà gbígbóná wá fún mi láti Bẹẹrẹ, ó sì jẹ ìdajì ẹ̀ fúnra rẹ̀.

Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí àwọn ọ̀sán yẹn. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ kó yé yín. Ohun tí a ń sọ lábẹ́ igi yẹn burú, síbẹ̀ mi ò tíì rí ibi tí ọkàn mi balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Lẹ́yìn tí ẹni ìkẹyìn bá ti sọ tán, ẹnì kan á ra àgbàdo sísun àti àgbọn, Ràímì á gbé àwàdà rẹ̀ dé, àwa náà á máa rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò rí nǹkan kan láàárọ̀. Bí wọ́n bá ní kí n yan ọjọ́ kan nínú ayé mi láti tún gbé, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀sán yẹn ni máa yàn.

Irinṣẹ́ wa yí padà bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ẹsẹ̀ la fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà kẹ̀kẹ́, lẹ́yìn náà alùpùpù kan tí àwa mẹ́fà jọ ń jà lé lórí. Láàárín àwọn ọdún 1980, wọ́n fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí wa. Wọ́n ní ká máa fi àmì sí i bóyá ìbànújẹ́ ẹni náà kéré, ó pọ̀, tàbí ó pọ̀ gan-an. Ràímì gbé e sókè, ó ní, "Ibo ni wọ́n fi èyí tó kọjá àfẹnusọ sí?" Ọdún mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, àwọn àlejò kan wá ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún wa, pẹ̀lú pépà gbàgàdà tí wọ́n fi kọ́ ara igi. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ṣàlàyé pé ó yẹ kí òṣìṣẹ́ bíi tiwa máa kó ara wọn jọ, kí wọ́n máa gbọ́ ẹjọ́ ara wọn lẹ́yìn iṣẹ́ tó le. Ọ̀gá dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, "A óò gbìyànjú rẹ̀ wò." A di ẹnu mú kí ẹ̀rín má bàa bọ́ lẹ́nu wa.

Ẹ̀rín yẹn ń dùn mí nísinsìnyí, torí pé nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, nǹkan kan wà níwájú wa tí a ò rí. Ọ̀gá ń gbọ́ tiwa. Ta ló ń gbọ́ tirẹ̀? Kò sẹ́ni kankan. Àgbà ni, Alàgbà ni, òun ló dá nǹkan náà sílẹ̀. Kò sí ẹni tó tó bẹ́ẹ̀ láti jókòó ti àgbà kó ní, "Kí lẹ rí?" Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀, gbogbo wa la mọ òwe náà, a ò kàn rò pé ọ̀gá ló ń bá wí.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni ọ̀rọ̀ àdúgbò Bẹ́yẹrunkà ṣẹlẹ̀. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan ń jà lórí ilé alámọ̀ tí baba wọn fi sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ wó apá iwájú nítorí ó ti gbó. Àbúrò kọ̀ jálẹ̀ torí pé inú pálọ̀ ibẹ̀ ni wọ́n sin baba wọn sí. Wọ́n ti fẹ́ yọ àdá síra wọn kí wọ́n tó ránṣẹ́ sí wa. Èmi àti ọ̀gá la lọ. Ó fi ọ̀rọ̀ tútù bá wọn sọ ọ́ títí, ó wá ní kí wọ́n jẹ́ kí òjò ọdún náà kọjá, kí àwọn ọmọ bàbá tó wà lẹ́yìn odi wá sílé, kí wọ́n jọ pinnu bí wọ́n ṣe máa ṣe sàréè bàbá kí wọ́n tó wó ilé. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò dì mọ́ra. Gbogbo agbo ilé ń yin ọ̀gá. Èmi rí bí ògiri ṣe là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mi ò sọ nǹkan kan. Ta ni mí?

Òjò kò tíì dáwọ́ dúró lọ́dún náà tí ògiri fi wó lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan ló wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n yọ ọmọ iṣẹ́ méjì jáde láàyè. Ẹ̀kẹta, Síkírátù, kò yè. Ó ku oṣù díẹ̀ kó gba fúrídọ́ọ̀mù. Inú agbo ilé yẹn náà ni ìyá rẹ̀ ń gbé.

Gbogbo wa la lọ. Ọ̀gá dé ẹnu ọ̀nà, ó wo òkìtì amọ̀ náà, ó sì yí padà. Mi ò rí i kó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé abẹ́ máńgòrò, ó ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó gbọ́ tiwa lọ́kọ̀ọ̀kan. "Kí lo rí? Kí ló kù?" Nígbà tí ẹni ìkẹyìn ní ó tán, ó dìde, ó gbọn ìdí ṣòkòtò rẹ̀, ó lọ sílé. Kò wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a ò rí i.

Àwọn èèyàn ìjọ rẹ̀ lọ kí i. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò yẹn pàápàá lọ. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: kì í ṣe ẹ̀bi yín, àmúwá Ọlọ́run ni. Èmi náà lọ. Èmi tí ọ̀gá fi ọ̀sẹ̀ kan pa lẹ́nu mọ́, ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ: "Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Kò lọ́wọ́ yín nínú." Ọ̀gá ní, "O ṣé. A dúpẹ́." Ó sì wọlé. Ìyàwó rẹ̀ sìn mí dé ìta, ó ní kò jẹun, kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, pé ó ti kọ lẹ́tà pé òun ń fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣe nǹkan kan. Mi ò mọ ẹni tó wà nínú ilé mi mọ́."

Mo sọ fún àwọn tó kù. Ràímì kò ṣẹ̀fẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Morẹ́nikẹ́, ìwọ lo máa lọ bi í."

"Èmi kẹ̀? Kí n lọ máa fọ̀rọ̀ wá àgbà lẹ́nu wò?"

"Ṣé ká wá jẹ́ kó kú nítorí ọ̀wọ̀ ni?"

Mo padà lọ. Ọ̀gá wà lórí bẹ́ǹṣì ní fàráńdà rẹ̀, ó ń wo títì. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì ṣe ohun tí mi ò ṣe rí: mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi náà kọjú sí títì.

Mo ní, "Kí lẹ rí, sà?"

Ó ní, "Morẹ́nikẹ́, èmi lò ń bi bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ta ló kọ́ ọ ní irú àfojúdi yìí?"

"Ẹ̀yin náà ni, sà."

Mo rò pé yóò lé mi. Kò lé mi. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré. Ó ní lọ́jọ́ tí òun parí ìjà náà, òun fara ti ògiri láti wọ bàtà, ọwọ́ òun sì tutù. Òjò kò tíì rọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ní, "Kí ló kù, sà?" Ó ní òun mọ ohun tí ògiri amọ̀ tó tutù nínú ń sọ, ilé amọ̀ ni wọ́n bí òun sí. Mo ní, "Kí ló kù?" Ó sọ èyí tó kù: ó ní wọ́n ń yin òun, pé ìyìn náà dùn mọ́ òun, òun ò sì fẹ́ ba ìdùnnú ọjọ́ náà jẹ́.

Ó yíjú sí mi. "Ṣé ẹ̀bi mi ni?"

Pẹ̀lẹ́ ti kún ẹnu mi. Ẹ̀rù bà mí ju ti ọjọ́ kọ́jọ́ lọ. Òótọ́ ọ̀rọ̀ bí ìsọkúsọ ló rí. Mo ní, "Ó wà níbẹ̀, sà. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀, àmọ́ ó wà níbẹ̀. Tèmi náà wà níbẹ̀. Mo rí bí ògiri ṣe là."

Ọ̀gá bú sẹ́kún. Ó ní, "Gbogbo wọn ló ń sọ pé mi ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Mo ti ń rò ó pé orí mi ló dàrú." Ó sunkún títí, ó nu ojú, ó ní, "Ó tán." Ìgbà yẹn ni mo tó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà."

Ó fa lẹ́tà náà ya. Ọdún méjì ló tún lò kó tó fẹ̀yìntì, òun náà sì ń jókòó lábẹ́ máńgòrò láti sọ tirẹ̀, à ń pín gbígbọ́ tirẹ̀ ṣe láàárín ara wa. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó lè sọ òótọ́ fún yín, kí ẹ tó wá ẹni tó máa kọ́ yín. Ṣùgbọ́n kí ọ̀gá tó padà sí ọ́fíìsì, ó ní ibì kan wà tí a gbọdọ̀ dé.

Àárọ̀ Sátidé la lọ sí Bẹ́yẹrunkà. Ìyá Síkírátù ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ. Ọ̀gá ṣí fìlà, ó lóṣòó níwájú rẹ̀, ẹni tó tó bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ orí. Ó ní, "Ìyá Síkírá, mo fọwọ́ kan ògiri yẹn. Ó tutù. Mi ò sọ̀rọ̀." Mo ń retí igbe, mo ń retí èpè.

Obìnrin náà kò gbójú sókè. Ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀. Ó ní, "Gbogbo èèyàn ló ti wá ní kí n gba kámú. Ẹ̀yin ni mo ń retí." Ọwọ́ rẹ̀ wá dúró. Ó ní, "Èmi náà fọwọ́ kàn án láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó tutù. Ọmọ mi ní òun fẹ́ jókòó sílé, èmi ni mo lé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù."

Kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ọ̀gá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sọ pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, ó kàn fa àtẹ náà sáàárín àwọn méjèèjì, ó ń bá a ṣa ẹ̀wà, obìnrin náà sì ń sọ ọ́, ó ń sọ ọ́, títí wọ́n fi pe ìrun ọ̀sán.